Àti, Tàbí, Kì í Ṣe: Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Wíwá Jẹun

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ṣàntálì, ọmọ àbúrò ọkọ mi, fà mí láṣọ lẹ́yìn. Ó ní, "Tántì, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe tí ẹ fi fẹ̀yìn tì?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ilé ọkọ mi ti ń rí mi tí mò ń jí lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ ohun tí mò ń lọ ṣe níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, a máa sọ fún àlejò pé, "Ìyàwó wa ń bá díńgí sọ̀rọ̀, díńgí sì ń dá a lóhùn." Àlejò á wò mí tìfuratìfura, á sì rọra fa ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n Ṣàntálì kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ń rò ó bóyá kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀dínátọ̀, ẹ̀rọ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà, tàbí kí òun jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí epo pupa. Mo ní kó wá bá mi nílé. Ohun tí mo sọ fún un lábẹ́ igi máńgòrò ni mo kọ síbí, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè gbọ́. Bí ó bá gùn jù, ẹ fara dà á. Àgbàlagbà ni mí, ẹnu mi ò sì ní ìdérí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀rọ, ohun tí ẹ bá kọ ò ju lẹ́tà tí wọ́n sín tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn. Àwọn Faransé ń pè é ní ṣẹ́ẹ̀nì; èmi ń pè é ní okùn ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìlú ni Massè, kò mọ̀ pé àìsàn ni ikọ́. Ó kàn ń tú ìlẹ̀kẹ̀ wò ni. Bí okùn ọ̀rọ̀ bá wá pọ̀ lọ súà, ẹni tó fẹ́ rí ọ̀kan nínú wọn ní láti sọ fún ẹ̀rọ, ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, irú èyí tó ń wá: kó ní èyí àti ìyẹn nínú, tàbí kó ní ọ̀kan nínú méjèèjì, kó má sì jẹ́ irú báyìí. Àti, tàbí, kì í ṣe. Mẹ́ta péré. Ohun tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ gbọdọ̀ mọ̀ pé ìbejì ni mí. Kẹ́hìndé lorúkọ mi. Táíwò mi, ọkùnrin ni. Ó wà ní Massè títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń dá ẹmu. Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n torí òun ló kọ́kọ́ rí oòrùn. Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò kó wá jíṣẹ́ fún mi, ẹni tó ń rán ni níṣẹ́ ló sì lágbà. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé èmi ni mo jàre. Táíwò nìkan ni kò gbà. Kò tíì pè mí ní ẹ̀gbọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò jẹ́ kó sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ilé wa, ohun tí wọ́n bá fún Táíwò, wọ́n gbọdọ̀ fún Kẹ́hìndé. Aṣọ, ẹran, àkàrà, tó fi dórí pàṣán. Táíwò ló sì máa ń ṣàìsàn. Ibà kì í jẹ́ kó gbádùn. Ìyá wa á se àgbo dóńgóyárò, wọ́n á bu ife kan fún un, wọ́n á sì bu ife kan fún èmi tí ara mi le koko.

Mo máa ń sọ pé, "Ìyá, ara mi ò gbóná o."

Wọ́n á ní, "Mu ún. Ṣé o fẹ́ kí èkejì rẹ rò pé òun nìkan layé kórìíra ni?"

Màá gbé e mu tìbínú-tìbínú, màá sì máa bú Táíwò nínú ikùn mi. Àgbo yẹn korò! Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, itọ́ ẹnu mi ń yí padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbo yìí sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

N kò ní fa ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ríṣẹ́ gùn. Mo lọ kọ́ títẹ̀wé ní Àjàṣẹ́, wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì kan, owó oṣù ò pọ̀, a sì ń jẹun. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá Akánbí ni. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán. Òkè òkun ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì mú ẹ̀rọ kan bọ̀ tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà inú rẹ̀ tutù bí ewé. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ní ọjọ́ kejì màá ti máa tẹ ẹ̀rọ yẹn fàfà. Ẹ̀n-ẹ́n! Òjò rọ̀, ó dá, ọgbẹlẹ̀ dé, n kò tíì fọwọ́ kàn án.

Atẹ ló fi kọ́ wa. Atẹ onígi lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń ta iyọ̀. Ó da àgbàdo àti ẹ̀wà pọ̀ sínú rẹ̀, òmíràn dára, òmíràn kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Kẹ́hìndé, mú àgbàdo tàbí ẹ̀wà tí kòkòrò kò jẹ fún mi."

Mo ṣà á. Mo ṣa àgbàdo tó dára, mo ṣa ẹ̀wà tó dára, mo gbé e fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wò ó, ó dà á padà sínú atẹ.

"Ta ló sọ fún ọ pé àgbàdo tó dára nìkan ni mo fẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Èmi kọ́. Etí ọmọ ènìyàn tí o ní ló sọ fún ọ. Ẹ̀rọ ò ní in. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí fún ẹ̀rọ, gbogbo àgbàdo ni yóò kó, èyí tó jẹrà àti èyí tí kò jẹrà. Ẹ̀wà nìkan ni yóò yẹ̀ wò bóyá kòkòrò jẹ ẹ́. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní "tí kòkòrò kò jẹ" yẹn, "àti" ni ẹ̀rọ ń pè é, ẹ̀rọ sì máa ń kọ́kọ́ so ohun tí "àti" bá dì pọ̀, kó tó bojú wo "tàbí". Ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbàdo sì dá dúró, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá mú igi ìṣáná mélòó kan, ó fi ṣe ọgbà yí àgbàdo àti ẹ̀wà ká lórí tábìlì. Ó ní, "Kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí àwọn tí o fẹ́ kí ó wà pa pọ̀ ká. Àgbàdo tàbí ẹ̀wà, inú ọgbà kan. Lẹ́yìn náà ni kí o tó wá dúró lẹ́nu ọgbà, kí o ní: kì í ṣe èyí tí kòkòrò jẹ. Nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò yọ́ kọjá." Nínú ẹ̀rọ, ìlà títẹ̀ méjì ni ọgbà náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ohun kékeré báyìí. Mo ti rí ibi tí ó ti ba iṣẹ́ odidi oṣù jẹ́ nítorí pé wọn ò ṣe é.

Ọkùnrin náà le. Bí o bá pẹ́ dé, o ò ní rí atẹ lọ́jọ́ náà. Bí o bá ṣe é tó tọ̀nà, kò ní yìn ọ́. Ohun tí ó sì máa ń dùn mí jù ni pé nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ, tí mo bá wá nǹkan, tí mo rí i, tí inú mi ń dùn, kò ní wo ohun tí mo rí rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: "Ta lo fi síta?"

Màá ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, gbogbo wọn ló wà níbí."

"Àwọn tó wà níbí ti wà níbí. N kò bi ọ́ léèrè wọn. Ta lo fi síta?"

Èmi náà á wá padà lọ máa wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan á wà níta lóòótọ́. Mo sunkún lórí ìbéèrè yẹn lẹ́yìn ilé, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá wa wí, ó ń fi tòsì fà wá mọ́ra. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi tí ẹsẹ̀ mi wú, kò sọ nǹkan kan. Mo kàn dé lọ́jọ́ kan mo bá àpótí kékeré lábẹ́ tábìlì mi, tó kàn án fúnra rẹ̀ kí n lè máa gbé ẹsẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi, tíṣà, wá sí Adja-Ouèrè níbí, tí mo wá dágbére, atẹ yẹn ló kó lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Irinṣẹ́ rẹ rèé. Àwọn yòókù á máa yí padà."

Wọ́n sì yí padà lóòótọ́! Ẹ̀rọ àpótí lọ, dískẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí a ń tọ́jú iṣẹ́ sí, tí eruku ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń jẹ, dé, òun náà lọ. Ẹ̀rọ tó ṣe é ká bí ìwé dé. Tẹ́lẹ̀, bí iná bá lọ, a ó máa wo ara wa lójú. Nígbà tó yá wọ́n gbé páálí tó ń gba iná lára oòrùn sórí òrùlé. Nísinsìnyí àwọn ọmọ ń fi fóònù ṣe ohun tí ẹ̀rọ ọ̀gá mi ò lè ṣe láàárín òwúrọ̀ kan. Ẹ ò lè gbọ́ lẹ́nu mi pé ayé àtijọ́ ló dára jù. Ẹni tó bá ti fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú dískẹ́ẹ̀tì rí ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àti, tàbí, kì í ṣe, ibi tí mo bá wọn náà ni mo fi wọ́n sí.

Ní Adja-Ouèrè, ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan gbà mí. Àwọn nọ́ọ̀sì á tẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ní okùn kan gbọọrọ: orúkọ ọmọ, ẹni tó mú un wá, abúlé, ohun tó ń ṣe é, oògùn tí wọ́n fún un, àmì ara páálí tí oògùn náà ti jáde. Olúkúlùkù á kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ètò tí yóò máa wá inú àwọn okùn wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń bá mi ṣe é ni Rọ́jà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kpoulou, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Dókítà wa, Dókítà Sẹ́nà, ọmọ Fọ̀n ni, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti ẹnu àwọn aláìsàn kọ́ Yorùbá.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọjọ́ ọjà Ikpinlè ni. Oòrùn ò tíì mú. Dókítà Sẹ́nà wọlé wá bá wa, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun.

Ó ní, "Tántì, oògùn ikọ́ olómi tí a ń fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Páálí kan nínú rẹ̀ ò dára. Ó ń pa kíndìnrín ọmọ. Ọmọ tó bá mu ún, tí kò bá tètè dé ibi ìtọ́jú, kò ní lè tọ̀ mọ́, yóò sì kú. Páálí náà wọ ilé ìwòsàn yìí. A ti ń fún wọn."

Yéè! Mo bi í pé báwo la ṣe ń kọ oògùn náà. Ó ní orúkọ mẹ́ta: àwọn kan ń kọ orúkọ Faransé rẹ̀, àwọn kan ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àwọn yòókù ń kọ "síró ikọ́" lásán. Kó tó sọ tán, Rọ́jà ti tẹ̀ ẹ́: orúkọ kìíní, tàbí ìkejì, tàbí ìkẹta, àti àmì páálí. Ẹ̀rọ wá rọ́ ọmọ jáde. Wọ́n pọ̀ lọ jàra! Ọmọ Kpoulou, ọmọ Massè, ọmọ Ikpinlè, ọmọ tó ti di géńdé, gbogbo ẹni tó ti húkọ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń kọ̀wé.

Rọ́jà gbá orí mú. "Tántì, a ò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn wọ̀nyí lónìí. Ẹrù ọjà làwọn ọlọ́kadà zẹ́mìjàn ń kó. Ta la ó kọ́kọ́ lọ bá?"

Mo ní, "Rọ́jà, ṣe ọgbà." Ó wò ó, ó kígbe, ó sì fi ìlà títẹ̀ méjì yí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, àmì páálí wá dúró lẹ́nu ọgbà. Àwọn ọmọ náà wá ṣẹ́ kù díẹ̀, àwọn tó lè bọ́ sórí ojú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Dókítà Sẹ́nà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Ìwọ̀nyí ṣe é wá." A pe àwọn ọlọ́kọ̀ zẹ́mìjàn tí a mọ̀, a fún olúkúlùkù ní orúkọ àti abúlé, ọ̀kadà gbéra fìì. Inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Àwọn ọmọ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ń dé, ìgò ń dé. Ẹni tó dé láti Massè, obìnrin kan tí wọ́n kọ "Ìyá Ìbejì" síwájú orúkọ ọmọ rẹ̀, gbé ọmọkùnrin kan pọ̀n. Ara ọmọ náà tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tọ̀. Nọ́ọ̀sì gba ìgò, ó gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ìyá, ó ti tán? Ìjẹrin kọ́ la fún yín? Ṣíbí kékeré la ní kí ẹ máa fún un! Ẹ fún ọmọ yìí mu jù!"

Obìnrin náà kàn ń nu ojú ọmọ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú tirẹ̀. Dókítà Sẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọmọ náà wò, ó ń mi orí, ó ní, "Bí ó bá mu odidi ìgò, kò yẹ kó lè dúró báyìí."

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ìgò, mo wo ọmọ, mo wo ojú ẹ̀rọ lẹ́yìn mi. *Táíwò*, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá Akánbí bí ẹni pé ó wà nínú yàrá náà: ta lo fi síta? Lẹ́ẹ̀kan náà, dóńgóyárò korò mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èkejì dà?"

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Kpoulou. Kò húkọ́ o, Tántì. Àmọ́ ṣé mo lè fún ọ̀kan kí n fi èkejì síta? Mo pín in sí méjì. Mo da tirẹ̀ sínú ìgò kékeré, mo ní kí ìyá ọkọ mi máa fún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, bí a ṣe ń fún Táíwò."

Ọmọ kan tí kò ṣàìsàn, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú okùn ọ̀rọ̀ kankan, ń mu oògùn yẹn nínú ìgò tí kò ní àmì. Kò sí ètò láyé yìí tó lè rí i. Nọ́ọ̀sì tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan bo ẹnu mọ́lẹ̀. Rọ́jà ò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun. Kpoulou ni ilé bàbá rẹ̀, ó ti jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀ kí Ìyá Ìbejì tó sọ orúkọ ìyá ọkọ tán.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Bí obìnrin yìí bá ṣe é, àwọn yòókù náà á ti ṣe é. Ìyá wo ni kò ní ṣe é? Mo gbé ọgbà ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo ṣe ọgbà kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Táíwò, tàbí Kẹ́hìndé, tàbí Ìbejì. Mo fi "àti" so ọgbà méjèèjì pọ̀. Mo fi Ìbejì sí i nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Kátólíìkì ni kì í jẹ́ Táíwò lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá wọn, kò sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìyá Ìbejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Piẹ̀ẹ̀rì kan jáde láti Ikpinlè, wọ́n kọ ọ́ pé Ìyá Ìbejì mìíràn ló mú un wá. Ìyá rẹ̀ ti dé tẹ́lẹ̀, ó jókòó síta pẹ̀lú Piẹ̀ẹ̀rì lórí ẹsẹ̀. Láàárín àwọn Kátólíìkì, èkejì Piẹ̀ẹ̀rì, Pọ́ọ̀lù ni. Mo sáré jáde, mo ní, "Ìyá, Pọ́ọ̀lù ńkọ́?" Ó ní, "Ó ń ṣeré nílé. Òun náà mu ún, ṣebí ìbejì ni wọ́n." Ọ̀kadà tún gbéra.

Pọ́ọ̀lù kò tíì mu púpọ̀. Kẹ́hìndé ló bà wá lẹ́rù. Rọ́jà gbé e dé pẹ̀lú ìyá àgbà lẹ́yìn, ìyá àgbà di ìgò kékeré yẹn mú gírígírí, ṣíbí ọbẹ̀ ló ti fi ń bù ú fún un, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá rí. Ọmọ náà wú lójú. Láti àárọ̀ kò tíì tọ̀. Dókítà Sẹ́nà fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ ọkọ̀, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn ńlá nígboro, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kíndìnrín.

Ìgbà tí a fi ń dúró yẹn, ẹ jẹ́ kí n fò ó. N kò lè jẹun. Mo pe Táíwò mi ní Massè, n kò sì ní nǹkan kan láti sọ fún un. Ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Kò sí. Ṣé o wà dáadáa?" Ó ní, "O ti ń darúgbó." Ó pa fóònù.

Ìgbà tó yá, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù Rọ́jà dún. Ó gbọ́ ọ, ó fò sókè, ó kígbe débi pé àwọn aláìsàn dìde: "Ó ti tọ̀! Kẹ́hìndé ti tọ̀ o!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ ti rí ibi tí àgbàlagbà ti ń jó nítorí ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ? A jó o! Nọ́ọ̀sì jó, èmi jó, ìyá àgbà ará Kpoulou tó wá béèrè ọmọ ọmọ rẹ̀ ju gèlè sílẹ̀, ó jó. Gbogbo ọmọ tí a rí lọ́jọ́ náà ló yè. Mo ṣì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó fọ ojú.

Kò sí ẹni tó bá àwọn ìyá náà wí. Dókítà Sẹ́nà pè wá jọ, ó ní, "N kò lè sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó fún ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Kò ní gbọ́, èmi náà ò sì bí ìbejì. Ẹ jẹ́ kí á wá ohun tí èkejì á máa mu." Láti ìgbà náà, bí ọmọ tó bá wá gba oògùn bá jẹ́ ìbejì, ìgò méjì là ń fún ìyá rẹ̀: oògùn fún ẹni tó ń ṣàìsàn, omi tí a fi oyin sí fún èkejì. Àmì pupa ń bẹ lára ọ̀kan, funfun lára èkejì. Mo sọ fún Dókítà pé bí ó bá jẹ́ pé ó ti wà nígbà èwe mi, ì bá ti kó mi yọ nínú dóńgóyárò.

Nítorí náà, Ṣàntálì ọmọ mi, bí o bá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, lọ. Wọ́n á kọ́ ọ ní èdè ẹ̀rọ, yóò sì yé ọ. Orí rẹ pé. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ohun tí o mọ̀ nílé ìyá rẹ, nídìí epo pupa yẹn, kò wúlò níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀rọ á wá ohun tí o bá ní kó wá. Ẹni tí yóò rántí èkejì, ìwọ ni.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ra bíà díẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ìdágbére, mo ti ń di ẹrù mi nígbà tí Ìyá Ìbejì yọ láti Massè. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti ga, olúkúlùkù gbé adìẹ kan mọ́ra. Táíwò dọ̀bálẹ̀, ó gbé tirẹ̀ fún mi. Mo súre fún un títí. Kẹ́hìndé náà wá dọ̀bálẹ̀, ó na adìẹ kejì sí mi.

Mo ní, "Háà, rárá o! Ìyá Ìbejì, ọ̀kan ti tó. Ẹ mú ìyẹn padà sílé."

Ó fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó wò mí bí ẹni tí kò lọ́gbọ́n lórí. "Tántì, ta ló ní tiyín ni? Ti Táíwò yín nìyẹn. Ṣé mo lè fún ọ̀kan kí n fi èkejì síta?"

Mo gba adìẹ.

Ní ọjọ́ kejì mo gun zẹ́mìjàn lọ sí Massè. Mo bá Táíwò lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, igbá ẹmu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé adìẹ rẹ̀ fún un, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí n kò tíì jókòó sọ ọ́ fún un rí: oògùn, ìgò tó tán, dóńgóyárò tó korò mọ́ mi lẹ́nu.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Kí ni èmi wá ṣe tí wọ́n fi ní kí n gba adìẹ?"

Mo ní, "O ṣàìsàn. Bí o ò bá ṣàìsàn, n kì bá ti mu àgbo. Bí n kò bá mu àgbo, n kì bá ti béèrè èkejì."

Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ pa ìyẹ́ adìẹ náà.

Ó ní, "Mo máa ń wò ọ́ nígbà tí o bá ń mu ún. O máa ń fajú ro. Èmi náà á wá mu tèmi."

Ó dìde, ó nu àpótí tó fi ń jókòó pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ó gbé e sí mi níwájú.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo jókòó.